Ìkókó Tó Ń Gbé Orí Òkè

Ẹ sún mọ́ ibí. Ẹ fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn, kí ẹni tó bá fẹ́ húkọ́ sì yáa hú u tán báyìí, nítorí tí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, n kò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Èmi Ọdẹ́jìnmí ló ń sọ̀rọ̀, ọmọ bíbí Ìjókòó-Ọdẹ, èmi tí ẹfọ̀n rí tó yà bàrá fún lójú ọ̀nà, èmi tí ìkookò gbọ́ ìró ẹsẹ̀ mi tó tu ẹran ẹnu rẹ̀ sílẹ̀, tó ní òun ti yó. Ẹni tó bá rò pé irọ́ ni mo fẹ́ pa, kó dìde máa lọ sílé rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ń dúró dè é pẹ̀lú irọ́ tirẹ̀. Ẹ ti bi mí títí pé kí ló dé tí à ń pe òkè gíga tó wà lẹ́yìn ìlú wa yìí ní Òkè Ẹ̀gbọ́n, pé ẹ̀gbọ́n ta ni, ta sì ni àbúrò. Mo gbọ́ pé àwọn kan ń sọ kiri pé ọba àná ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ọba wo? Ọba tí wọ́n ń gbé sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹṣin bí ẹrù iṣu? Èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ, ẹnu mi tí mo fi ń jẹun yìí náà ni, ọ̀ràn ara mi ló sì gbé mi débẹ̀, kì í ṣe ọ̀ràn ìlú.

Kí n tó lọ, òkè náà kò lórúkọ. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Gbogbo òkè kéékèèké tó yí wa ká ló lórúkọ: Òkè Aparò ń bẹ, Òkè Olóbì ń bẹ, kódà òkìtì kékeré tí ewúrẹ́ máa ń dùbúlẹ̀ sí lẹ́yìn ilé alágbẹ̀dẹ, Òkè Ewúrẹ́ là ń pè é. Ṣùgbọ́n èyí tó ga jù, èyí tí orí rẹ̀ ń wọ inú ìkùukùu bí ẹni ń dé fìlà, àwọn àgbà ní a kò gbọdọ̀ pè é ní nǹkan kan, a kò sì gbọdọ̀ nàka sí i. Ẹnu ni wọ́n máa ń nà sí i. Bàbá arúgbó kan á yọ ètè ìsàlẹ̀ síta bí ẹni fẹ́ mu omi nínú igbá, á ní, “Òjò ti ṣú lórí tọ̀hún.” Nígbà èwe mi, mo máa ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo ní ẹ̀rù òkúta ń bà yín. Wọ́n ní kí n dákẹ́, pé àwọn kò pè é nítorí kó má baà dáhùn.

Wàyí o, ẹ gbọ́ ohun tó gbé mi gun un. Èmi àti ìyàwó mi, Àwẹ̀ró, ti retí ọmọ títí, ó ti rẹ àwọn tó ń bá wa dárò pàápàá. Nígbà tó yá, bí ọyẹ́ ṣe ń parí lọ, Àwẹ̀ró bí ọmọkùnrin kan fún mi, orí rẹ̀ rọ́bọ́tọ́, ohùn rẹ̀ bí fèrè. Ọjọ́ náà gan-an ni mo ti mọ orúkọ tí n óò sọ ọ́. Ní ìdílé tiwa, inú bàbá ni orúkọ ọmọ ń gbé títí di ọjọ́ ìkómọ, ìyá ọmọ pàápàá kò gbọdọ̀ gbọ́ ọ. Lọ́jọ́ náà, kí oòrùn tó dé àtàrí, bàbá á gbé ọmọ sókè lójú gbogbo ènìyàn, á sì pe orúkọ náà kí ẹnikẹ́ni tó sọ tirẹ̀. Tí oòrùn bá dé àtàrí tí bàbá kò sí níbẹ̀, àwọn ará ilé ìyá ni yóò gbé ọmọ, àwọn ni yóò sọ ọ́ lórúkọ, ọmọ náà á sì di ọmọ agbo ilé wọn títí ayé. Kò sí ẹjọ́ níbẹ̀. Ìyá ìyàwó mi, Ìyá Ìdí-Ọsàn, mọ òfin yìí bó ṣe mọ ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀. Obìnrin nìkan ló bí, agbo ilé rẹ̀ kò sì ní ọkùnrin kan tí yóò jogún ilẹ̀. Ó fẹ́ràn mi o, n kò ní purọ́ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn ọmọ mi jù mí lọ. Láti ọjọ́ tí ọmọ ti délẹ̀ ló ti ń wojú oòrùn.

Ọdẹ tó bá fi ọbẹ̀ edé kó ọmọ rẹ̀ jáde, kó yáa sọ ìbọn rẹ̀ di ọ̀pá ìtìlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ti dáná sun gbogbo igbó tó wà nítòsí lọ́dún náà, ohun tí mo rí pa kò ju ọ̀kẹ́rẹ́ kan lọ. Ìyá Ìdí-Ọsàn wo ọ̀kẹ́rẹ́ náà, ó bi mí jẹ́jẹ́ pé ta ni kí òun gbé orí rẹ̀ fún, nítorí àwọn ènìyàn òun pọ̀. Àwẹ̀ró fọwọ́ bo ẹnu. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mo lọ bá àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ mi níbi tí wọ́n jókòó sí, mo la ẹnu gbàgà, mo ní bó jẹ́ orí tọ̀hún ni ẹran wà, n óò gbé e délé kí wọ́n tó gbé ọmọ mi jáde. Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n kàn na ẹnu sí òkè náà, wọ́n sì tún na ẹnu sí mi.

N kò ní fi bí mo ṣe rìn àti bí mo ṣe jẹ iṣu sísun sú yín. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ìtàn iṣu, kó lọ bá àgbẹ̀. Ó ku ọ̀la kí a kó ọmọ jáde nígbà tí mo rí ìgalà kan létí odò gbígbẹ, tó sanra bí ọmọ ìjòyè. Mo yìnbọn. Ẹran náà fò sókè, kò ṣubú, ó ń da ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, ó sì kọrí sí òkè. Ẹran tí mo bá ti ta lọ́gbẹ́, tèmi ni, ibi yòówù kó sá dé. Òfin ọdẹ nìyẹn. Mo tọ ẹ̀jẹ̀ náà títí mo fi dé ìsàlẹ̀ òkè.

Ibẹ̀ ni mo ti pàdé Olójú-Orúnkún. Ara rẹ̀ dà bí èpo igi, ó ga ju ilé lọ, orí rẹ̀ sì ń dán bọ̀rọ́bọ̀rọ́, kò sí ojú, kò sí imú níbẹ̀. Orúnkún rẹ̀ méjèèjì ni ojú rẹ̀ wà. Bó bá dúró, koríko ló ń wò. Bó bá fẹ́ rí ènìyàn, àfi kó jókòó kó ká ẹsẹ̀ sókè. Kó tó rí mi, ó kọ́kọ́ jókòó, ó tún ìdí ṣe, ó mí kanlẹ̀. Mo ti gbé ìbọn lé èjìká, mo ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ọwọ́ ti ń ro mí. Ó ní òun ni oníbodè, pé ẹni tó bá fẹ́ kọjá gbọ́dọ̀ dáhùn ìbéèrè òun, ẹni tó bá sì ṣì í, òun yóò sọ ọ́ di òkúta. Ó yí orúnkún kan sí àwọn òkúta tó tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Mo wò wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn gbé apó kọ́ èjìká.

“Ta ló ga jù mí lọ,” ó ní, “tó ń dọ̀bálẹ̀ fún mi láàárọ̀, tó tún ń dọ̀bálẹ̀ fún mi nírọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé lọ́sàn-án gangan, abẹ́ ẹsẹ̀ mi ló ń sá sí?”

Ẹ̀rín pa mí. Mo ní, “Òjìji rẹ ni. Ìwọ tí ojú rẹ wà nísàlẹ̀, ta lo tún ń rí bí kò ṣe òun?”

Ó bínú, ó ní ó ṣì ku ìbéèrè kan. Mo ní ní ìlú tiwa, ẹni tó bá bi ènìyàn ní ọ̀kan, ó di dandan kó gba ọ̀kan padà kó tó bi èkejì. Kì í ṣe òótọ́ o, ibẹ̀ náà ni mo ti ṣe òfin ọ̀hún, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ lọ wádìí rẹ̀? Mo ní, “Kí ló ń sùn lọ́wọ́ mi yìí, tó jẹ́ pé bí mo bá jí i, ẹlòmíràn ló máa sùn?” Ó ronú. Ó di orúnkún ọ̀tún, ó là á, ó di ti òsì. Ó ní àbí ìyàwó mi ni. Mo ní ẹni tó bá jí ìyàwó mi, òun náà kò ní rí oorun sùn mọ́. Nígbà tó yá ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ mí pé kí n sọ ọ́. Mo gbé ẹnu ìbọn sí àárín orúnkún rẹ̀ méjèèjì, mo ní, “Ìbọn ni. Ṣé kí n jí i?” Ẹ̀rù bà á, ó fò dìde. Bó ṣe dìde, koríko ló kọjú sí. Mo gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́, ó sì ń fọwọ́ tálẹ̀ lẹ́yìn mi, ó ń bi koríko pé níbo ni mo wà.

Lókè níbẹ̀, ẹ̀yin ará, nǹkan ń bẹ. Ìkùukùu nípọn débi pé àdá ni mo fi ṣán an. Èyí tí mo bá ṣán ń já bọ́ bí òwú, àwọn ẹyẹ sì ń ṣà á lọ fi tẹ́ ìtẹ́. Igi kan bẹ̀rẹ̀ wo inú àpò mi, kò rí ohun tó wù ú, ó nà dúró padà. Àwọn òkúta ń yán. Mo bá afẹ́fẹ́ kan tó jókòó sójú ọ̀nà, mo ní kó dìde kí n kọjá, ó ní ó rẹ òun, mo bá gba orí rẹ̀ kọjá. Kí ni ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín sí? Ilẹ̀ ṣú, mo sùn sábẹ́ àpáta, nígbà tí mo sì jí, ọjọ́ ìkómọ ti pé. Mo rí oòrùn tó ń yọ bọ̀, ìsàlẹ̀ mi ló ti ń yọ, mo sì mọ̀ dájú pé Ìyá Ìdí-Ọsàn náà ti rí i. Ìgbà náà ni mo gbọ́ ẹkún.

Ẹkún ọmọ tuntun ni. Láti ọjọ́ tí Àwẹ̀ró ti bímọ, etí mi kì í ṣe tèmi mọ́. N kò tilẹ̀ tíì rí ẹni tó ń sunkún tí ẹnu mi ti ṣí. Mo sọ ohun tí gbogbo wa máa ń sọ fún ọmọ tó bá ń ké, ìbáà ṣe ọmọ aládùúgbò, ìbáà ṣe ọmọ àlejò. Mo ní, “Ó tó, ọmọ mi, má sunkún mọ́.”

Ẹkún dá wáí. Ìkùukùu ṣí, mo sì rí i. Ìkókó ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìkókó tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ tó iwájú ilé alágbẹ̀dẹ ni. Ó sùn gbalaja, ẹ̀yìn rẹ̀ lélẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan lókè, irùngbọ̀n funfun wà lágbọ̀n rẹ̀ tó gùn dé ìdodo, kò sì ní eyín kan lẹ́nu. Ìgalà mi ń bẹ lábẹ́ abíyá rẹ̀, ara ti tù ú, ó ń jẹ irùngbọ̀n náà díẹ̀díẹ̀ bí koríko. Ìkókó náà nawọ́, ó gba ìbọn mi, ó fi í sẹ́nu, ó sì ń fi erìgì rún un.

“O pè mí ní ọmọ rẹ,” ó ní. Inú òkúta ni ohùn rẹ̀ gbà jáde.

Mo ṣàlàyé fún un pé bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ ni, pé ọmọ gbogbo ènìyàn ni à ń pè bẹ́ẹ̀. Ó ní kò rí bẹ́ẹ̀ fún òun. Ó ní àwọn kan ti gòkè wá rí, wọ́n pe òun ní ebọra, wọ́n pe òun ní iwin, wọ́n wólẹ̀, wọ́n sá lọ. Kò sí ẹni tó pe òun ní ọmọ. Láti ìgbà tí ayé ti wà ni òun ti ń retí ọjọ́ ìkómọ òun, ẹnikẹ́ni kò sì wá gbé òun jáde. Gbogbo òkè tó wà nísàlẹ̀ ti lórúkọ, wọ́n ti dàgbà, òun nìkan ló ṣì jẹ́ ìkókó láàárín wọn, nítorí ọmọ tí kò lórúkọ kò lè hu eyín.

“Bàbá,” ó ní, “kí ni orúkọ mi?”

Ẹ wo wàhálà. Ojú mi wà lára oòrùn. Mo da orúkọ sílẹ̀ bí ẹni ń da àgbàdo fún adìẹ: Àtàrí-Ayé, Akọ-Òkúta, Agogoro. Ó tutọ́ sí wọn. Ó ní ẹnu ni gbogbo ìyẹn ti wá. Ó nàka sí ikùn mi. “Èyí tó wà nínú ibẹ̀ yẹn ni mo fẹ́. Mo rí i, ó ń tàn.”

Inú bí mi débi pé mo gbàgbé pé àtàǹpàkò rẹ̀ nìkan tó mi. Mo ní orúkọ ọmọ mi nìyẹn, mo ti gbé e sínú kí ọmọ náà tó mọ ọmú í mu, n kò sì ní fún òkúta. Mo ní ojú kò tilẹ̀ ti ìkókó onírùngbọ̀n, pé kó gbé ìbọn mi fún mi, kó gbé ẹran mi fún mi, kí n máa lọ. Ó yọ ètè, ó sì bú sẹ́kún. Ẹ̀yin kò tíì gbọ́ ẹkún rí. Òkúta tó tó ilé ń yí gbirigbiri kọjá létí mi, ilẹ̀ ń mì, irùngbọ̀n rẹ̀ ni mo dì mọ́ tí n kò fi bá wọn lọ. Mo fi ọwọ́ kan wá oyin nínú àpò mi, mo tọ́ ọ sí i lẹ́nu, ó sì rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní bí òun kò bá gba orúkọ, n kò ní lọ. Òun yóò fi mí síbẹ̀, kí n máa pe òun ní ọmọ mi láràárọ̀. Ní gbogbo àkókò yìí, oòrùn kò dúró dè wá.

Ibi tí mo rọ̀ sí lára irùngbọ̀n yẹn ni ọgbọ́n ti bá mi. Mo rántí pé láti ọjọ́ tí Àwẹ̀ró ti bímọ, kò sí ẹni tó pe orúkọ rẹ̀ mọ́ ní ìlú wa. Ìyá ìkókó ni wọ́n ń pè é. Bí a bá ti sọ ọmọ lórúkọ, orúkọ ọmọ ni wọn yóò fi máa pè é, wọn yóò fi máa pe èmi náà, orúkọ ọmọ kò sì ní tìtorí ìyẹn dín.

Mo ní, “Gbọ́ mi. Ta ló kọ́kọ́ dáyé, ìwọ tàbí ọmọ tó wà nílé mi?”

“Èmi ni.”

“Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìwọ nígbà náà. Nílẹ̀ wa, ta ló jẹ́ fi orúkọ pe ẹ̀gbọ́n? Orúkọ àbúrò la fi ń pè é. Ẹ̀gbọ́n Lágbájá là ń wí.”

Ó yọ ìbọn lẹ́nu. “Ẹ̀gbọ́n ta ni mí?”

“Ìyẹn ni n kò lè sọ níbí. Iwájú ilé mi ni mo ti gbọ́dọ̀ sọ ọ́, kí oòrùn tó dé àtàrí. Bí mo bá pẹ́, ìyá àgbà kan ń bẹ nísàlẹ̀ tí yóò sọ ọ́ ní tirẹ̀. Ọmọ á di ọmọ agbo ilé ẹlòmíràn, ìwọ á sì sùn síbí bẹ́ẹ̀, o kò ní jẹ́ ẹ̀gbọ́n ẹnikẹ́ni.”

Ó bi mí bóyá ọmọ náà ní eyín. Mo ní kò ní. Ó bi mí bóyá ó kéré. Mo ní kò tó èékánná rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, gbogbo ẹyẹ tó tẹ́ ìtẹ́ sí i létí sì fò jáde.

Mo ṣe é fún un bí a ṣe ń ṣe é. Mo fi iyọ̀ tó wà lápò mi kàn án lẹ́nu, mo fún un ní orógbó, kò rí i jẹ, ó ń lá a. Ó ku kí n gbé e sókè. Ta ló lè gbé e? Mo fi apá mi méjèèjì gbá ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kéré jù mọ́ra, mo gbé e, ó kúrò nílẹ̀ díẹ̀. Ó ní ó tó. Mo wá da omi kèrègbè mi sókè, bí a ṣe ń da omi sórí òrùlé kó lè kán sí ọmọ lára. Omi náà lọ, kò tètè bọ̀. Ìgbà tó máa bọ̀, òjò ni, òjò ńlá láàárín ẹ̀ẹ̀rùn. Ó ké bí ọmọ ṣe ń ké, lẹ́yìn náà ó ní, “Ẹ ṣeun, Bàbá.” Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa fi “ẹ” pè mí nìyẹn.

Mo nawọ́ sí ìgalà mi. Ó fà á sẹ́yìn, ó ní ṣé kì í ṣe ẹ̀gbọ́n ló ń kọ́kọ́ mú nínú ẹran ni. Mo ká ọwọ́ mi padà, nítorí ẹnu ara mi ló sọ ọ́ di ẹ̀gbọ́n. Ó dá ìbọn mi padà, ẹnu ìbọn náà ti ká bí ìwo àgbò. Ó gbé mi sí àtẹ́lẹwọ́, ó sì fẹ́ mi: fúú. Bí mo ṣe ń kọjá lọ, Olójú-Orúnkún gbọ́ mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó kó lè wò mí. Kó tó ká ẹsẹ̀ tán, mo ti já sórí òkìtì èèpo ẹ̀gẹ́ lẹ́yìnkùlé mi.

Ìyá Ìdí-Ọsàn ti gbé ọmọ sókè. Ojú rẹ̀ wà lára oòrùn, oòrùn kò sì tíì dé àtàrí, ó ku bíńtín. Àwẹ̀ró dúró tì í, ó ń wo ojú ọ̀nà, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ìyá àgbà mí sínú láti sọ̀rọ̀. Láti ẹ̀yìn ọgbà ni mo ti ké e pé, “Ọdẹ́sànyà! Ọdẹ́sànyà ni orúkọ ọmọ mi.”

Gbogbo ènìyàn yíjú. Àwẹ̀ró jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tó wà. Ó mọ irú ìyà tí à ń sọ pé ọdẹ san fún wa. Kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu, òkè gba orúkọ náà. Ọdẹ́sànyà, ó pè é láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, ó tún pè é, ó sì rẹ́rìn-ín débi pé àwo ń kọ lu ara wọn lórí ẹní.

“Ta nìyẹn?” ni Ìyá Ìdí-Ọsàn wí. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, Ìyá.”

Ó wo òkè. Ó wo ọwọ́ mi tó ṣófo. “Ẹran ńkọ́?”

“Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti mú un.”

Mo ti múra sílẹ̀ fún èébú, mo tilẹ̀ ti to tèmi náà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ó kàn gbé ọmọ lé mi lọ́wọ́, ó ní, “Ó tọ́ sí i,” ó sì kọjú sí àwọn tó ń dáná pé kí wọ́n gbé ẹ̀wà kaná. Ẹ̀wà la fi kó Ọdẹ́sànyà jáde, àwọn tó jẹ ẹ́ ṣì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí dòní. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, mo ti di Bàbá Sànyà, òkè sì ti di Ẹ̀gbọ́n Sànyà. Ahọ́n àwọn ènìyàn ló gé e kúrú tó fi di Òkè Ẹ̀gbọ́n.

Nígbà tí ọyẹ́ tún dé, ẹkún bẹ̀rẹ̀ lókè ọ̀hún láàárọ̀ ọjọ́ kan. Afẹ́fẹ́ ń ké, ó ń ṣí òrùlé, oníkálukú ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Àwẹ̀ró pọn Sànyà, ó ṣílẹ̀kùn, ó jáde. Mo fẹ́ fà á padà, ó já ọwọ́ gbà. Ó kọjú sí òkè, ó ń mi ara rẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó ń gbá ìdí ọmọ pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́, ó sì ń kọrin tí àwọn ìyá fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Afẹ́fẹ́ náà ń rẹlẹ̀, ó ń rẹlẹ̀, ó dákẹ́. Mo jáde sí i, mo ti la ẹnu mi yìí láti sọ̀rọ̀. Ó fi ìka lé ètè.

“Ẹ má pariwo, Bàbá Sànyà,” ó ní. “Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn ni.”

N kò bi í pé èwo nínú àwọn méjèèjì.

Ẹ dìde, ẹ máa lọ sílé yín, kí ẹ sì rọra gbẹ́sẹ̀.